Gbòǹgbò Tí Wọ́n Ń Wá Nínú Sàréè

Ní ìdílé Telesia, ọmọ tí kò bá ní kókó lára egungun títí tó fi wọ iléèwé, wọ́n á máa fi ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé níbo ló ti gbé e wá. Kókó yìí wà lápá, ó wà léjìká, ó le gbagidi, kì í dun ẹnikẹ́ni. Èyí tó wà lókè orúnkún òsì Telesia náà kò dùn ún rí, àfi lọ́dún tó kọjá tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí kò jẹ́ kó lè ká ẹsẹ̀ jókòó lu èèpo igi di aṣọ pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́.

Dókítà tó lọ rí ní Nukuʻalofa, olú ìlú wọn, kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un.

"Àwọn kókó yòókù kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Èyí ló yíwà padà. Jẹjẹrẹ ni, inú egungun ló wà. Ẹ jẹ́ ká gé ẹsẹ̀ náà láti itan kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró."

Ó ní kó wọ ọkọ̀ òfuurufú padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Àmọ́ ta ló ni ẹsẹ̀? Ní àwọn erékùṣù Haʻapai tí wọ́n ń gbé, ohun tí arábìnrin bàbá ẹni bá ti sọ, abẹ gé e. Bàbá fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbó o lẹ́nu. Àǹtí Seilose sì ti sọ tirẹ̀.

"Ta ló fẹ́ gé kí ni? Gbòǹgbò igi ló wọ bàbá mi lẹ́sẹ̀ nínú sàréè. Ó ń ké sí wa, ẹ̀yin ń sáré tọ oníṣẹ́ abẹ kiri. Tó bá di Sátidé, a ó hú u, a ó yọ gbòǹgbò náà, ẹsẹ̀ ọmọ yìí á sì san."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní—"

"Panu mọ́! Ṣé dókítà ló bí bàbá ẹ ni?"

Kò sí ọlọ́kọ̀ tó máa gbé Telesia kúrò ní erékùṣù náà láìgbọ́ tẹnu Àǹtí. Ó wà nílé bí adìẹ tí wọ́n fi agbọ̀n bò. Lójoojúmọ́ ló ń ṣépè fún obìnrin náà nínú ọkàn rẹ̀, tó sì ń dáhùn pé, "Ẹ ṣé, Àǹtí."

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n fi àga gbé e dé ibojì. Kelepi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ń wa yanrìn funfun náà.

"Rọra o!" bàbá wọn pariwo. "Má lọ fi ṣọ́bìrì gé ẹsẹ̀ bàbá mi, ti ọmọ mi tí wọ́n fẹ́ gé ti tó wa í jà lé lórí!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Telesia kò rẹ́rìn-ín.

Àǹtí Seilose fúnra rẹ̀ ló wọ inú kòtò náà, tó gbé egungun itan jáde. Kò sí gbòǹgbò kankan lára rẹ̀. Kókó ńlá kan ló wà níbẹ̀, lókè orúnkún gẹ́lẹ́, ó ti jẹ wọnú egungun bí igi tí ìkán ti mu. Ọwọ́ Àǹtí dúró lórí rẹ̀.

"Wọ́n ní torí pé ó já bọ́ lórí igi àgbọn ni," ló sọ jẹ́ẹ́. "Èmi ni mo máa ń fi àdí àgbọn ra ẹsẹ̀ yìí fún un. Á máa sunkún. Mo rò pé ó ń ṣe bí ọmọdé ni."

Ó gbójú sókè.

"Kò sí gbòǹgbò níbí. Telesia, máa lọ lọ́jọ́ Ajé. Kí wọ́n gé e. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ohun tí Telesia ti ń gbàdúrà fún nìyẹn. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, ó mi àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì mì. Ẹ̀rù bà á. Gbogbo bó ṣe ń ṣépè fún Àǹtí yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fara pamọ́ sí tí abẹ kò fi rí i. Ní báyìí, kò sí ẹnì kankan níwájú rẹ̀ mọ́.

"Àǹtí," ló sọ, "ẹ tún wò ó dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́. Kelepi, wa díẹ̀ sí i. Ó lè jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni gbòǹgbò yẹn wà."

Kelepi wo Àǹtí. Àǹtí da àdí àgbọn tó gbé wá sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi í ra egungun bàbá rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń sunkún. Ṣọ́bìrì wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbé e.