Ibùsùn Tí Katapílà Dán Wò

“Ẹ rọra sọ̀rọ̀, kò tíì jí.”

Katapílà la ojú kan, ó rí àjà ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó la ìkejì, ó rí Màmá tó ni ilé àti obìnrin aládùúgbò rẹ̀, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn lẹ́sẹ̀ ibùsùn bí ẹni tó wá wo ọmọ tuntun.

Ìtìjú bò ó. Káfíńtà ni, òun nìkan ló máa ń ru kọ́bọ́ọ̀dù gun àtẹ̀gùn, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Katapílà. Ọ̀fìnkìn burúkú tó dá a dùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá ti lọ, àmọ́ ó fi àjẹkù sílẹ̀: ara tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, àti àárẹ̀ tí kì í jẹ́ kó kan ìṣó méjì kó tó wá ibi jókòó. Dókítà ní fáírọ́ọ̀sì ni, ó lè pẹ́ kí okun tó padà. Ìyàwó rẹ̀ ní kó sinmi láàárọ̀. “Èmi? Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí?” ni Katapílà fèsì.

Bó bá to ibùsùn tán, ó máa ń dùbúlẹ̀ lé e, á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì, á gbọ́ bóyá igi á ké. Lónìí, lórí ibùsùn tuntun tó kàn fún Màmá, ó yí sọ́tùn-ún. Kò rántí òsì.

“Màmá, ẹ foríjì mí.”

“Foríjì kẹ̀? Igi tó o fi ṣe é ni kó o sọ. Ibùsùn tó gbé ẹni tó kàn án sùn, tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta.”

“Ẹ bá mi ṣe irú ẹ̀ gan-an,” ni aládùúgbò wí. “Bàbá àwọn ọmọ mi kì í rí oorun sùn mọ́.”

Àṣé ìtìjú lè di ọjà. Katapílà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé òòlù rẹ̀ bí ọkùnrin. Òòlù bọ́ gbàgà sílẹ̀.

Màmá fẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. “Ara ẹ gbóná.”

“Oòrùn ni, Màmá.”

“Inú ilé la wà.”

Ó wolẹ̀. Ó ro ti ọkọ aládùúgbò yìí, tí yóò dùbúlẹ̀ sórí igi lásán, tí yóò máa retí oorun.

“Kì í ṣe ibùsùn ló mú mi sùn,” ló wí fún aládùúgbò. “Èmi ni. Ara mi ò tíì yá. Ó rẹ̀ mí.”

Ó dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

“Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́, wá mú mi relé.”

Ohùn ìyàwó rẹ̀ le: “Ta ló gba fóònù ọkọ mi?”

“Èmi ni.”

“Mò ń bọ̀,” ni ìyàwó wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Màmá mú ìrọ̀rí wá. “Ṣé o ti dán an wò tán?”

“Ó ku òsì, Màmá.”

“Yí sí i, ká gbọ́.”

Katapílà yí sósì. Igi ò ké.