Ọwọ́ Brielle

Ìka kan wọlé. Brielle Desjarlais fẹ́ ti ìkejì bọ̀ ọ́, ó há sí eyín olùkọ́ rẹ̀, ó sì fà á yọ kíá bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Ìka mélòó ni ẹnu tó dá ṣáṣá ń gbà?" Doreen Kowalchuk béèrè. Láti ìgbà ìkórè ló ti ń sọ̀rọ̀ láàárín eyín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ní fisiọ, iṣẹ́ fífọwọ́ tọ́jú iṣan àti oríkèé, sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ.

"Mẹ́ta, Tíṣà."

"Èmi ńkọ́?"

"Tiyín... ọ̀kan. Ká sọ pé ọ̀kan àbọ̀."

"Má ṣàánú mi o jàre. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

"Ọrùn ni!" Gbogbo kíláàsì pariwo, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ọrùn-Ni ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn ní gbogbo iléèwé náà ní Saskatoon, ní Kánádà. Bí párì bá ń dun ẹnìkan, ọrùn ni. Bó bá ń payínkeke lójú oorun, ọrùn ni. Tọ́jú ọrùn, párì á tẹ̀ lé e: ohun tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wọn nìyẹn, ó sì ti rí i kó ṣẹ lára ọ̀pọ̀ èèyàn.

Dókítà eyín ti fi fọ́tò egungun rẹ̀ hàn án. Ó ní oríkèé párì rẹ̀ tó wà níwájú etí ti gbó tán, pé tó bá yá, kò ní lè yanu sọ̀rọ̀ mọ́. Doreen ò gbà. Ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ọrùn náà nílé, nígbà tí kò sì ṣiṣẹ́, ó ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíì ló kù. Kò sì tíì rí irú ọwọ́ Brielle rí láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ni.

Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì láàárín kíláàsì. Brielle ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìpàkọ́ rẹ̀, ó dúró títí iṣan fi rọ̀. Ó wá ibi tó le, ó rí i láì béèrè, ó sì ń tì í jẹ́jẹ́, kò kánjú. Doreen dijú, ó ń ṣọ́ àṣìṣe bí olùkọ́. Kò rí ọ̀kan. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á: bí párì ò bá tẹ̀ lé ọrùn lẹ́yìn èyí, dókítà eyín ló jàre.

"Ẹ yí ọrùn, Tíṣà."

Ó yí i sọ́tùn-ún, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká. Ó yí i sósì. Ó ti pẹ́ tí ọrùn náà ti yí báyìí gbẹ̀yìn.

Tyson Friesen, aláwàdà wọn, pàtẹ́wọ́. "Ó parí! Odidi pírógì ọ̀dùnkún lẹ máa jẹ lálẹ́ yìí, ẹ ẹ̀ ní lọ̀ ọ́ mu mọ́!"

"Ẹ yanu," ni Brielle wí.

Ó ya á. Ìka kan wọlé. Ìkejì há.

Brielle tún un wò, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ibo ni mo ti ṣì í, Tíṣà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kí n tún un ṣe."

Ì bá rọrùn fún Doreen láti sọ pé ó ṣì í. Gbogbo wọn ì bá gbà, òun náà ì bá sì rí ọwọ́ mìíràn máa retí. Omijé ṣàn wọ etí Doreen níbi tó dùbúlẹ̀ sí, kò nù ún.

"O ò ṣì í," ó sọ láàárín eyín. "Kò sẹ́ni tó lè ṣe é jù báyẹn lọ. Èmi gan-an ò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀."

Ìyìn tí Brielle ti ń wá láti ọjọ́ tó wọ iléèwé náà nìyẹn. Kò lè dúpẹ́.