Ẹ̀yìn Tí Kò Gbọdọ̀ Tẹ̀

Dókítà Gbémisọ́lá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni n kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀yìn mi. Ọjọ́ kọkànlá ni mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó fipá mú mi, n kò sì lè ní mi ò gbọ́, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, ó tún ní kí n sọ ọ́ padà fún òun bí ọmọ iléèwé. Torí náà, bí mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bá mi wá ẹlòmíì tí a máa dá lẹ́bi.

Kamaldeen lorúkọ mi. Pépà ni mò ń gé ní Ṣómólú láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Àwọn tó ń tẹ̀wé á kó iṣẹ́ wọn wá, èmi á gé e kó dọ́gba. Ẹsẹ̀ òsì ni mo fi ń tẹ irin tó ń di pépà mú kí ọ̀bẹ ẹ̀rọ tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá mọ ìgbà tó tẹ irin yẹn, kó yáa lọ máa ta búrẹ́dì, torí ìka ọwọ́ ni irú wọn fi ń kọ́gbọ́n.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbé ìdì pépà láti ilẹ̀, ẹ̀yìn mi sì gbẹ̀san. Ó kọ́kọ́ ń ro mí bó ṣe ń ro gbogbo èèyàn. Mọ́nsúrátù ìyàwó mi fi omi gbígbóná jó o, ó fi òrí pa á, oníkẹ́míìsì gún mi lábẹ́rẹ́. Ìrora náà gba ìdí wọ itan, ó gba itan dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Onípanu, obìnrin kan ń pè mí lẹ́yìn pé, "Bàbá, sílípáàsì yín rèé o!" Mo wolẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi ò wọ nǹkan kan. Mo ti rìn jìnnà, n kò sì mọ̀. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù gidi.

Dókítà fi fọ́tò inú ẹ̀yìn mi hàn mí. Ó ní láàárín eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì, tìmùtìmù kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn. Tèmi ti ya nísàlẹ̀, inú rẹ̀ ti tú síta, ó wá lọ jókòó lé iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n máa la ibẹ̀ níwọ̀nba, wọ́n á yọ èyí tó tú síta, kí iṣan náà lè mí.

"Ìrora itan yẹn máa lọ, sà," ó ní. "Àmọ́ ẹsẹ̀ tó ń kú yẹn, mi ò lè ṣèlérí. Iṣan kì í kánjú. Ó lè gba oṣù mẹ́ta, ó lè gba ọdún kan, ó sì lè má padà bọ̀ sípò tán. Ṣùgbọ́n tá a bá fi í sílẹ̀ báyìí, ó máa burú sí i ni."

Mo ní kí n kọ́kọ́ pe Bọ̀ọ̀dá Àyúbà, ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá wa kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Bọ̀ọ̀dá ló mú mi wá sí Èkó láti Abẹ́òkúta, àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ pépà kí wọ́n tó padà sílé. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán lórí fóònù, wọ́n ní, "Kamaldeen, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ṣé ẹ̀yìn lo fẹ́ kí wọ́n fọ̀bẹ là? Tó o bá ṣe é, má pè mí mọ́ o." Wọ́n sì gé fóònù. Mo fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kejì. Ó dùn mí dọ́kàn, mi ò níí purọ́.

Iṣẹ́ abẹ náà kò pé wákàtí méjì. Nígbà tí mo jí, ìrora itan ti lọ, ó ku ti ojú ọgbẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ní kí n dìde. Kì í ṣe bí mo ṣe ń dìde tẹ́lẹ̀ o. Kí n yí sí ẹ̀gbẹ́, èjìká àti ìdí lẹ́ẹ̀kan náà, kí n sọ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí n wá fọwọ́ ti ara mi dìde. N kò gbọdọ̀ tẹ̀, n kò gbọdọ̀ lọ́, n kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo ju kẹ́tù omi àlùwàlá kan lọ. Kí n máa rìn lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Bí ibà bá dé, bí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣomi, tàbí tí n kò bá lè tọ̀, kí n sáré padà wá.

Ẹsẹ̀ òsì ṣì ń wọ́ nílẹ̀. Sílípáàsì kì í dúró níbẹ̀, ni Mọ́nsúrátù bá ra bàtà kánfáàsì olókùn fún mi. Òun ló ń bá mi so ó láràárọ̀ kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ìrun ló kọ́kọ́ ká mi lára. Mo bi Álífáà mọ́ṣáláṣí wa ní Fọlá Àgọ́rọ̀ pé báwo ni màá ṣe foríkanlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní aláìsàn lè jókòó kírun, Ọlọ́run mọ ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Mo gbé àga sí kọ̀rọ̀ yàrá, mò ń kírun mi lórí ìjókòó, ọkàn mi sì balẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lọ́jọ́ kọkànlá, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, Mọ́nsúrátù ṣílẹ̀kùn, ta la rí? Bọ̀ọ̀dá Àyúbà, àwọn tó ní kí n má pe àwọn mọ́, pẹ̀lú àpò láfún lọ́wọ́.

Ẹ ò mọ ẹ̀gbọ́n mi. Nílé wa, a kì í fi ìka kanlẹ̀ kí wọn bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Tó o bá tẹrí ba lásán, wọn ò níí bá ọ jà, wọn ò níí sọ̀rọ̀. Wọ́n á kàn kọjú sí ògiri, wọ́n á máa wò ó, títí àyà rẹ á fi kanlẹ̀.

Mo dúró, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Ojú wọn kúrò lára mi. Ó lọ sí ògiri, níbi tí kàlẹ́ńdà wà.

Bóyá ayọ̀ ni, bóyá mo fẹ́ fi bẹ̀bẹ̀ torí mo kọ̀ sí wọn lẹ́nu lórí iṣẹ́ abẹ náà, n kò mọ̀. Mo gbọ́ tí Mọ́nsúrátù pariwo, "Bàbá Hameedat, ẹ̀yìn yín o!" Àmọ́ mo ti dọ̀bálẹ̀, mo ti nà gbalaja. Ọlọ́run tó dá mi gbà kí n jókòó kí òun, èmi ò lè dúró kí ẹ̀gbọ́n mi. Kí lèèyàn máa pe irú ìyẹn?

Nígbà tí mo fẹ́ dìde, ẹ̀yìn mi dì pa. Nǹkan gún mi láti ìdí dé orúnkún, mo ké. Ojú mi wà nínú káàpẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni mò ń rò. Mo ní ó tán, mo ti fọwọ́ ara mi sọ ọ́ nù. Àwọn aládùúgbò mẹ́rin ló fi pátákó gbé mi wọnú ọkọ̀.

Wọ́n tún ya fọ́tò ẹ̀yìn mi ní ọsibítù. Dókítà ò pariwo mọ́ mi, ìyẹn gan-an ló burú.

"Bàbá, kí ni mo ní kí ẹ má ṣe?"

"Kí n má tẹ̀."

"Ṣé ẹ tẹ̀?"

"Mo dọ̀bálẹ̀ ni."

"Ṣé wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ láì tẹ̀ ni, sà?"

Dókítà ní tìmùtìmù náà kò tún tú, ẹran ẹ̀yìn ló sún kì, ojú ọgbẹ́ sì là díẹ̀, wọ́n á tún un rán. "Orí yọ yín. Ẹlòmíì kì í yọ o, orí tábìlì la máa ń gbé wọn padà sí. Ta lẹ tiẹ̀ ń kí?"

Mo ní àlejò kan ni. Bọ̀ọ̀dá Àyúbà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ká fìlà wọn dání.

"Èmi ni, Dókítà."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, sà?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. Ògiri ni mo wò."

Kò yé Dókítà. Ó yé èmi àti Mọ́nsúrátù.

Ẹ̀gbọ́n mi ò padà sí Abẹ́òkúta. Wọ́n ní àwọn fẹ́ jẹ ẹja tútù Ìlàjẹ, ọjà etí ọ̀sà tí kò jìnnà sílé wa, kí àwọn tó lọ, ẹsẹ̀ wa làwa méjèèjì sì máa fi rìn lọ rà á. Láàárọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo kúrò ní ọsibítù, Mọ́nsúrátù ti tètè jáde. Mo jókòó pẹ̀lú bàtà tí okùn rẹ̀ ń fà nílẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n má rìn lọ́jọ́ yẹn ju kí n ní kí Bọ̀ọ̀dá bá mi so ó lọ. Ni Bọ̀ọ̀dá bá wá síwájú mi, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, wọ́n di àga mú, wọ́n kúnlẹ̀. Mo gbọ́ bí orúnkún wọn ṣe ń ró.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde."

"Jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé o tún fẹ́ tẹ̀ ni?"

N kò mọ ibi tí màá gbójú sí. Mo wo ògiri.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. A kọ́kọ́ ń rìn dé ìkóríta, nígbà tó yá a ń kọjá á. Ẹsẹ̀ òsì ò sọ nǹkan kan. N kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo máa ń lù ú ní kọ̀rọ̀, bóyá á dáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Bọ̀ọ̀dá ń so bàtà bí ìṣe wọn.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti fún un jù. Ó ń dùn mí."

"Pẹ̀lẹ́, má bínú." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ni ọwọ́ wọn bá dúró. Wọ́n gbójú sókè wò mí. "Ẹsẹ̀ wo lo ní ó ń dùn ọ́?"

Mo wo bàtà tó wà lọ́wọ́ wọn. Òsì ni.

Omi bọ́ lójú mi, mi ò nù ún. "Ẹ má tú u mọ́," mo ní. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Wọ́n tún un so, ó le bíi ti tẹ́lẹ̀. A rìn dé Ìlàjẹ lọ́jọ́ yẹn, okùn bàtà ń dùn mí lọ, ó ń dùn mí bọ̀.