Bíréèkì Jímọ̀ Lára Tíróńbóònù

"Dúró! Dúró ńbẹ̀!"

Igbe tí Àbdùsàlámì ké le débi pé ewúrẹ́ mẹ́ta tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́nu ọ̀nà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Habiba gbé ayùn sókè, ó ń wò ó.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n gé e."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé mo ní kí o tètè gbọ́ ni?"

Habiba ni fítà tó ń tún móotò ṣe ní Moshie Zongo. Ará Ọ̀fà ni baba ńlá òun àti Àbdùsàlámì, oníbàárà rẹ̀. Fèrè kọ́ niṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló tún ń tún fèrè ṣe ní Tamale? Lórí tábìlì rẹ̀, láàárín ẹ́ńjìnnì méjì, tíróńbóònù Àbdùsàlámì nà gbalaja bí aláìsàn: fèrè idẹ ńlá tí í bú bí akọ màlúù, tó fi ìlọ́po méjì dàgbà ju Habiba lọ. Fáàfù méjì ló ní lẹ́yìn, tí wọ́n ń darí afẹ́fẹ́ gba páìpù mìíràn kí ohùn lè wọlẹ̀ sí i. Àtàǹpàkò òsì ló ń tẹ irin fáàfù kìíní. Ìka àárín ló ń fa ti èkejì.

Àtàǹpàkò yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, kò lè tẹ irin mọ́. Bẹ́ẹ̀ Sátidé tó ń bọ̀ ni ẹgbẹ́ onífèrè wọn àtijọ́, àwọn mẹ́fà tó ṣẹ́ kù, yóò fọn fèrè ní Kanvili fún ìgbà ìkẹyìn. Iddrisu olórí wọn kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: "Bí ohùn ilẹ̀ ò bá jáde, jókòó, kí o máa pàtẹ́wọ́ fún wa." Àbdùsàlámì! Kó máa pàtẹ́wọ́ bí ìyá ìyàwó!

"Ẹ jẹ́ kí n yọ irin méjèèjì, kí n ṣe tuntun tó rọ̀," Habiba ní. "Èyí ti ìka àárín yìí gan-an, wallahi, ọwọ́ bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni!"

"Mo mọ̀. Ìṣojú mi ni Jímọ̀ ṣe fi í síbẹ̀."

Ohùn rẹ̀ yí padà lẹ́nu rẹ̀. Jímọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe! Nígbà tí òyìnbó olùkọ́ wọn fi fèrè náà sílẹ̀ fún Àbdùsàlámì, àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló ń tẹ irin méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, apá àtàǹpàkò rẹ̀ ò ká a. Jímọ̀ fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, ó fi wọn ìka àárín rẹ̀, ó gé irin òyìnbó dànù, ó tú ọwọ́ bíréèkì kan lára kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó sì fi iná jó o mọ́ fèrè náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́dún 1969, ìjọba ní kí àlejò tí kò níwèé fi Gánà sílẹ̀. Àwọn ará ilé Àbdùsàlámì níwèé, Jímọ̀ kò ní. Jímọ̀ gun kẹ̀kẹ́ tó ku bíréèkì kan lọ sí ibùdókọ̀, ó ń juwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì wọ inú gọ́tà lọ tààrà. Bí Àbdùsàlámì ṣe rí i kẹ́yìn nìyẹn: ó ń gbọn ẹrẹ̀ nù lẹ́sẹ̀, ẹ̀rín ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"To, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n yẹ inú rẹ̀ wò ná."

Habiba tú ìdérí fáàfù kìíní. Ó fi èékánná ha nǹkan funfun kan níbẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Bàbá, òrí rèé."

"Òrí ni. Epo rẹ̀ tán, mo sì fi òrí pa á. Kí la kì í fi òrí pa ní Tamale?"

"Nínú ọyẹ́? Ọyẹ́ tó ń sọ òrí di òkúta nínú igbá?"

Kó tó fèsì, Asana ìyàwó rẹ̀ wọlé, igbá lọ́wọ́. "Bàbá Bùshrà, gbé àtàǹpàkò wá kí n fi òrí pa á."

Habiba rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Màmá, ẹ gbé òrí yín padà. Fáàfù ló ń ṣàìsàn, kò sí nǹkan tó ṣe àtàǹpàkò."

"Kò sí kí ni?" Asana kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Oṣù kan gbáko ni mo fi ń bá ọ de bọ́tìnnì!"

Habiba fi kẹrosíìnì fọ fáàfù méjèèjì, ó kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí i, ó tò ó padà. Àbdùsàlámì tẹ irin kìíní. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ! Ó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fọn ún, páànù orí ìsọ̀ gbọ̀n. Ó ń jó yí ẹ́ńjìnnì ká.

"Ẹ sọ fún Iddrisu kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́!"

Ó wá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ dé ohùn tó jìn jù lọ, èyí tí kò tíì dán wò láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé. Ìka àárín rẹ̀ nà. Kò dé ọ̀dọ̀ irin. Ó tún nà án. Ó ṣẹ́ kù bí ìwọ̀n èékánná kan. Òrí kọ́ lèyí. Ìka ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Jímọ̀ wọ̀n. Ti àgbà ti ká, kò nà tán mọ́.

Habiba wo ayùn, kò fọwọ́ kàn án.

Àbdùsàlámì ń fi àtàǹpàkò ra bíréèkì náà, níbi tí dídán rẹ̀ ti bó. "Jímọ̀ gé irin òyìnbó torí kò bá ọwọ́ mi mu," ó ní. "Kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbálẹ̀ rẹ dà?"

Ó wà nídìí ilẹ̀kùn. Habiba fa ẹyọ kan yọ. Àbdùsàlámì tẹ́ ọwọ́ òsì sórí tábìlì, ó na ìka àárín dé ibi tó lè dé.

"Wọ̀n ọ́n," ó ní. "Gé e, kí o sì fi iná jó o padà mọ́ ibi tí mo dé báyìí."

Nígbà tí ayùn bẹ̀rẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ti padà sídìí èèpo iṣu wọn. Kò sí èyí tó gbórí sókè.