Orogún Mi Etí Omi

Nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ṣì wà láyé, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi, torí pé tí kò bá rí èèyàn bá wí, á bá ìkòkò wí. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ géètì adágún omi ṣì wà, òun àti ikọ́ rẹ̀ tí a máa ń gbọ́ kí a tó rí i. Dókítà tó ń tọ́jú ọkọ mi náà wà. Ọmọdé ni lójú mi, àmọ́ ó ti ṣáájú mi lọ, ikú ò wo ti ọjọ́ orí. Ọkọ mi sì wà. Ilé kún fún ariwo nígbà náà, mo sì máa ń ráhùn pé ariwo yẹn pọ̀ jù. Ẹ wá wo bí ilé ṣe dákẹ́ lónìí.

Iṣẹ́ fọ́tò ni ọkọ mi ṣe títí orí rẹ̀ fi pá. Yàrá iwájú ilé wa ló fi ṣe ilé fọ́tò: àga kan, aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí a ta mọ́ ògiri, dígí kékeré tí àwọn oníbàárà fi ń wo ojú, àti kóòmù tí a so mókùn kí wọ́n má baà gbé e lọ. Èmi ni mo máa ń tún ọrùn ẹ̀wù wọn ṣe. Òun á wà lẹ́yìn kámẹ́rà, á ní, "Gbé àgbọ̀n sókè. Má mira. Ta ló kú tí o fi fajú ro báyìí? Ẹ̀n-ẹ́n, ó dáa bẹ́ẹ̀." Nígbà tó yá, fóònù wọ ọwọ́ tọmọdé tàgbà, kálukú ń ya ara rẹ̀ nínú ilé rẹ̀, àga wa ò sì rí ẹni jókòó lé e mọ́ àfi ológbò.

Ọkọ mi ò bínú. Ó ta àwọn iná ńláńlá, ó ta ẹ̀rọ tó fi ń tẹ fọ́tò, ó wá fi ra lẹ́ǹsì kan tó gùn bí apá mi láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Tí o bá fojú sí i, ohun tó wà ní òdìkejì odò á wá dúró síwájú rẹ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú sí i, mo rí kòkòrò kan tó ń rìn lórí ewé igi ní òpin pápá, mo sì na ọwọ́ láti gbá a dànù. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

"Kí lẹ fẹ́ fi yà?" Mo bi í léèrè.

"Ẹyẹ."

"Ẹyẹ? Ẹyẹ wo ló ní kí ẹ wá ya òun?"

"Kò sí ìkankan tó ní kí n wá. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn, Ìyá Fọ́tò. Gbogbo ẹni tí mo ti yà láyé mi ló mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Wọ́n á yá aṣọ ẹlòmíì wọ̀, wọ́n á fún ẹnu pọ̀ bí ẹni tó lá òróǹbó kíkan. Mo fẹ́ ya ẹ̀dá kan tí kò mọ̀ pé mo wà láyé rárá, kí n rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí gan-an."

Àwọn àgbà ní àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Irú wíwò bẹ́ẹ̀ ló ń wá.

Lẹ́yìn ìgboro, níbi tí àwọn oníṣẹ́ omi ẹ̀rọ sé odò sí, adágún kan wà níbẹ̀. Etí omi náà ga lápá kan bí ògiri amọ̀, ihò kan sì wà lára ògiri yẹn tí ẹyẹ kan ń gbé pẹ̀lú akọ rẹ̀. Títí dòní mi ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ó kéré, ẹnu rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, àyà rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì búlúù, ó ń kọ mànà bí oòrùn bá kàn án. Á jókòó sórí ẹ̀ka, á máa wo omi bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ jábọ́ síbẹ̀. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti bọ́ sómi, ó ti jáde, ẹja ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọkọ mi sọ ọ́ ní Ìyàwó Kékeré. Bó bá ti jí láàárọ̀, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ kí Ìyàwó Kékeré." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó pàtẹ́wọ́.

"Háà! Ìyàwó, ṣé o gbọ́? Wọ́n ti fẹ́ ìyàwó lé ọ lórí! Èyí tí wọ́n tún wá fẹ́, kò lè gbálẹ̀, kò lè fọṣọ, ẹja tútù ló ń gbé mì!"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀. Orogún tó ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, ibo lèèyàn ti ń rí irú ẹ̀?"

Àtọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní orogún mi.

Orogún mi ò gba gbàkugbà. Bó bá ti rí ọkọ mi lókèèrè báyìí, ó ti fò lọ. Ọkọ mi wá rán àgọ́ kékeré kan, àwọ̀ ewé gbígbẹ, ó sì gé fèrèsé kan sí i tí ẹnu lẹ́ǹsì lè gbà yọ síta. Ó jókòó síbẹ̀ títí ẹyẹ náà fi bà sórí ẹ̀ka tó dojú kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí kámẹ́rà, ó kù kó tẹ̀ ẹ́, ni ẹnu rẹ̀ bá là láìgbàṣẹ: "Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀."

Ẹyẹ fò lọ. Nígbà tí ọkọ mi délé, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó ní, "Ìyá Fọ́tò, ẹnu iṣẹ́ àtijọ́ ló bà mí jẹ́ lónìí."

Lẹ́yìn èyí ló wá ṣàkíyèsí pé ẹyẹ ò mọ ìṣirò. Tí ẹni méjì bá jọ wọ àgọ́, tí ẹnì kan jáde tó ń lọ, ẹyẹ á rò pé àgọ́ ti ṣófo. Ẹnu-Ò-Sinmi gbọ́, ó ní, "O ṣeun, àbúrò mi. O ti rí ẹni tí wàá rẹ́ jẹ níkẹyìn." Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ nìyẹn. A ó jọ wọlé, màá bá a tẹ́ tìmùtìmù, màá tún jáde, màá máa ju ọwọ́ méjèèjì bí ọmọ ogun kí orogún mi lè rí i pé mò ń lọ. Abẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ni màá lọ jókòó sí pẹ̀lú bàbá tó ń ṣọ́nà, màá máa gán aṣọ tó ya. A máa ń rí àgọ́ náà níbẹ̀, àti ẹnu lẹ́ǹsì tó yọ síta. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì yọ, iṣẹ́ ń lọ. Bó bá fà á wọlé, ìyẹn ni pé kí n wá mú òun.

Nígbà tí ẹyẹ náà yé ẹyin, tó sì pamọ, ni ẹsẹ̀ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò lè sùn sílẹ̀ gbalaja mọ́, àfi kó fara ti ìrọ̀rí. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti fẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, oògùn kàn ń bá a fa ọjọ́ gùn ni. Kò gbọ́dọ̀ gbẹ́rù, kò gbọ́dọ̀ jókòó sínú òtútù. Ọmọ wa obìnrin ò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé lẹ́ǹsì náà lọ sílé ara rẹ̀, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọkọ mi ò bá a jà. Ojú fèrèsé ló lọ jókòó sí. Mo gbé tíì fún un, tíì tutù. Mo sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀n." Ohun kan ṣoṣo tó sọ fún mi láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni pé tí ẹyẹ náà bá fẹ́ jẹ ẹja fúnra rẹ̀, orí ẹja á kọjú sí ọ̀fun rẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ ti ọmọ ni, orí ẹja á kọjú síta, kó lè rọrùn fún ọmọ láti gbé mì. "Orí ẹja ti ń kọjú síta kí wọ́n tó gba lẹ́ǹsì lọ́wọ́ mi," ló wí. "Àwọn ọmọ á ti tóbi báyìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde nínú ihò yẹn, wọn ò tún ní padà síbẹ̀. Mo fẹ́ rí wọn bí wọ́n ṣe ń jáde. Mi ò tún bẹ Ọlọ́run ní nǹkan míì."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó dápàárá títí. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn, òun gan-an ló pariwo jù pé kí a gba lẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá mi ní ilé ìdáná, ó dúró láìsọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó wá ní, "Ìyàwó, àbúrò mi ò tíì kú, àmọ́ kò sí nílé yìí mọ́. Ṣe nǹkan kan."

Mo wọ bàtà, ó di ilé ọmọ mi.

"Màmá, ẹ wá gbé e? Kí Bàbá lè lọ ṣubú sínú igbó?"

"Dókítà ní kó má gbẹ́rù. Kò ní gbẹ́rù. Èmi ni màá gbé e."

"Màmá! Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo eékún?"

"Mo pọ̀n ọ́, o sì wúwo ju èyí lọ. O tún máa ń tọ̀ sí mi lẹ́yìn. Èyí kì í tọ̀."

Ẹ̀rín pa á, omijé sì dà. Ó dúró ti kọ́bọ́ọ̀dù náà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Tí nǹkan bá ṣe é níbẹ̀ ńkọ́?"

"Nǹkan á ṣe é, ọmọ mi. Etí èmi àti ìwọ ni dókítà ṣe sọ ọ́. Ibi tó máa bá a là ń sọ yìí."

Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó ṣí i.

Bí mo ṣe pọ̀n lẹ́ǹsì nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀já, mo rọra ń tẹ̀lé ọkọ mi láàárọ̀. Bó bá rìn díẹ̀, á dúró, á di igi mú, á ní òun ń wo òdòdó. Èmi náà á sì máa wo òdòdó.

Bàbá ẹnu géètì rí wa, ó ní, "Ìyá Fọ́tò, ọmọ ta lẹ pọ̀n yẹn?"

"Ọmọ orogún mi ni."

"Kò jọ bàbá rẹ̀ rárá."

"Ó jọ ọ́. Ẹ wo bí orí àwọn méjèèjì ṣe ń dán."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì dí i lọ́nà. Àmọ́ ó rẹ́rìn-ín.

A lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Oúnjẹ padà wọ ẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ padà sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò padà bọ̀ sípò. Bàtà ò gbà á mọ́, mo gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìrì ṣì wà lórí koríko. A wọ àgọ́, mo gbé lẹ́ǹsì sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé e dúró, mo fi aṣọ bo orókún rẹ̀. Ó fojú sí kámẹ́rà, ó ní, "Wọn ò gbé ẹja wọlé fún àwọn ọmọ mọ́. Ìta ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń fi hàn wọ́n. Òní ni wọ́n máa jáde." Ohùn rẹ̀ rí bí ti ọmọdé tó ń retí ìyá rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ má sọ̀rọ̀ o."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lókè ọwọ́ náà. "Máa lọ, kí wọ́n rí ọ."

Mo jáde, mò ń ju ọwọ́ bí ọmọ ogun.

Oòrùn yọ, ó kan omi. Mò ń gán aṣọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo rí nǹkan búlúù tó já láti ara ògiri amọ̀, ó bà sórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Òmíràn tẹ̀lé e. Mo di ọwọ́ bàbá náà mú. "Wọ́n ti jáde! Ẹ wò wọ́n, wọ́n ti jáde!" Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn.

Ẹnu lẹ́ǹsì ṣì yọ. A dúró.

Bàbá ní, "Ó ń pẹ́ lónìí."

Mo ní, "Iṣẹ́ ń lọ ni. Ẹ fi í sílẹ̀."

Ìgbà náà ni orogún mi gbéra lórí ẹ̀ka rẹ̀, ó fò kọjá omi, ó sì bà sórí lẹ́ǹsì gan-an. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó! Ó ti gun ọkọ yín lórí!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mò ń rò ó pé bí mo bá sọ fún un nílé, kò ní gbà gbọ́, torí lẹ́ǹsì yẹn ò lè rí ohun tó wà lórí ara rẹ̀. Ẹyẹ náà fi ẹnu tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó yàgbẹ́. Ọmọ rẹ̀ kan fò wá, ó dúró tì í.

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi ti sọ fún mi rí pé lẹ́ǹsì náà gùn débi pé bí èèyàn bá ń mí nìkan, ẹnu rẹ̀ á máa mì, ẹyẹ sì ń rí i. Mo wo ẹnu rẹ̀. Kò mì. Àwọn ẹyẹ méjèèjì jókòó sórí rẹ̀ bí ẹni jókòó sórí igi.

Mo dìde. Mi ò mọ bí mo ṣe rìn dé ibẹ̀. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan aṣọ àgọ́ ni wọ́n tó fò.

Ó jókòó, iwájú orí rẹ̀ fara ti ẹ̀yìn kámẹ́rà, ìka rẹ̀ ṣì wà lórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti tutù. Mo pè é, mo pè é ní orúkọ tí mo ń pè é kí a tó bímọ. Bàbá ẹnu géètì ló figbe ta lẹ́yìn mi. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti wọ́, mo tún un ṣe.

Ọmọ wa sáré dé, kò wọ bàtà. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Màmá, ṣé Bàbá rí wọn?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Òun ló mọ kámẹ́rà náà í lò. Ó rọra yọ ìka bàbá rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó tẹ nǹkan kan, ó wá gbé e síwájú mi. Fọ́tò tó kẹ́yìn ni. Ihò ló wà níbẹ̀, òkùnkùn inú rẹ̀, àti ṣóńṣó ẹnu ọmọ ẹyẹ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sí ìmọ́lẹ̀. A wò ó fún ìgbà pípẹ́. A jókòó sílẹ̀ tì í lórí koríko tútù, à ń dúró de ọkọ̀ tó máa wá gbé e.