Ẹni Tó Ń Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Ajá

Ìyá Ajá ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí, bẹ́ẹ̀ èmi ò bí ajá rí. Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń kọ́ ajá níṣẹ́ ilé: kó gbé ohun tó bá jábọ́, kó ṣílẹ̀kùn, kó fi imú tan iná, kó sì gbó títí aládùúgbò á fi dé bí olówó rẹ̀ bá ṣubú. Àwọn tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn ò gbọ́ tiwọn mọ́ ni mò ń kọ́ wọn fún. Iṣẹ́ náà ń bọ́ mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ló wà tí mi ò lè fi inú dídùn sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ilé gbẹ́nàgbẹ́nà kan ni. Bàbá náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà tí wọ́n já bọ́ láti orí òrùlé tí wọ́n ń kàn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ìsàlẹ̀ ìbàdí wọn ò mọ ohun tó ń lọ mọ́. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń jókòó sí. Ìyàwó wọn, tí mò ń pè ní Màmá, aránṣọ ni. Ọjọ́ tí ọkọ wọn já bọ́ ni wọ́n ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni Màmá fi wẹ ọkọ wọn, tí wọ́n ń yí wọn padà lórí ibùsùn kí ara má baà dégbò, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ gbé òòyà tó jábọ́, ife tó jábọ́, fóònù tó jábọ́. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun àwọn náà. Ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo, tó ń gbé níbi tó jìnnà, ló pè mí lórí fóònù.

"Ẹ bá mi mú ajá lọ fún bàbá mi," ló wí, "kí ìyá mi lè sinmi."

Abo ajá aláwọ̀ iyanrìn ni mo mú lọ. Sùúrù lorúkọ rẹ̀, torí pé láti kékeré, kì í sáré sí oúnjẹ. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀, Màmá wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń wá sùúrù nínú ilé yìí," wọ́n ní, "àṣé ọ̀dọ̀ rẹ ló sá lọ."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í buni jẹ?"

"Kì í buni jẹ, Bàbá."

"Kì í ṣàròyé?"

"Rárá o."

"Ó sàn ju àwọn kan lọ nìyẹn."

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo so okùn aṣọ mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì. Lọ́jọ́ kìíní, Sùúrù kàn gbóòórùn okùn náà ni. Mo tẹ ohun kékeré kan tó máa ń dún "kẹ́" lọ́wọ́ mi, mo fún un ní èérún ẹran gbígbẹ. Lọ́jọ́ kejì ó fi ẹnu kàn án: kẹ́, ẹran. Lọ́jọ́ kẹrin ó fi eyín mú un. Lọ́jọ́ kẹfà ó fà á, ilẹ̀kùn ṣí, atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lójú, ló bá ki eré mọ́lẹ̀, ó di abẹ́ tábìlì. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lè gbé ìgò omi jáde, kó fi orí ti ilẹ̀kùn padà, kó sì gbé ìgò náà lé Bàbá lórí itan.

"Ó yá, Bàbá," mo ní, "ẹ yìn ín."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Ẹ yìn ín. Ẹ ní, 'O ṣeun, ọmọ dáadáa.' Kí ohùn yín dùn."

"Èmi! Kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá?"

"Bí ẹ ò bá yìn ín, kò ní mọ̀ pé ohun tó ṣe dára."

Bàbá wo ajá, wọ́n wo ìgò.  "O ṣeun," wọ́n ní. Ó le bíi pákó. Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Nígbà kẹta, ohùn wọn rọ̀ díẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń ṣàn bí omi: "O ṣeun o! O ṣeun, ọmọ dáadáa, ọmọ mi àtàtà!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fọwọ́ pa ajá lórí. Inú mi dùn. Mo rò pé iṣẹ́ mi ń yọrí nìyẹn.

Mo bojú wẹ̀yìn. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n sìn mí dé géètì.

"Kí lo fún wọn?"

"Ta ni, Màmá?"

"Bàbá. Kí lo fún wọn tí wọ́n fi lè sọ ọ́? Ọdún mọ́kànlélógójì rèé tí mo ti wà lọ́dọ̀ wọn, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí. Mo ti gbà pé wọn ò mọ ọ̀rọ̀ náà ni."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín òmùgọ̀. "Màmá, ara ẹ̀kọ́ ajá ni."

"Bí èèyàn ò bá wá yìn ín ńkọ́?"

"Á jáwọ́. Ajá kì í pẹ́ nídìí iṣẹ́ tẹ́nì kankan ò rí."

Màmá mi orí. "Ajá gbọ́n," wọ́n ní, wọ́n sì ti géètì.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́, ojú ewé méjì tí wọ́n ya nínú ìwé ọmọléèwé.

"Gbogbo ohun tí mò ń ṣe fún wọn láti òwúrọ̀ dalẹ́ rèé. Èwo ni ajá lè ṣe níbẹ̀?"

Mo kà á sókè. Gbígbé ohun tó jábọ́, ó lè ṣe é. Bíbọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó lè ṣe é. Kíkó aṣọ jáde látinú ẹ̀rọ ìfọṣọ, pípa iná, mímú aṣọ wá látinú dúrọ́ọ̀, ó lè ṣe gbogbo rẹ̀. Wíwẹ Bàbá, yíyí wọn padà, dídáná: kò lè ṣe ìyẹn. Màmá fa ìlà sábẹ́ àwọn tó kù náà. "Ọmọ wa á gba èèyàn fún ìwọ̀nyí," wọ́n ní.

Mi ò bi wọ́n ní ohun tó wà lọ́kàn wọn. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀, àmọ́ irọ́ ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo sì rí ojú Màmá.

Mi ò tíì rí ẹni tó gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ ajá bíi tiwọn. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n rán ọ̀já pupa sí dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan kí Sùúrù lè máa rí ibi tó máa fà. Bí mo bá ní ó tó lónìí, wọ́n á ní ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Oṣù mẹ́rin la fi ṣe é. Lọ́jọ́ ìdánwò, Sùúrù ṣe iṣẹ́ mẹ́tàdínlógún láìṣàṣìṣe, àyàfi ìbọ̀sẹ̀ kan tó gbé sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé tó kọ̀ láti dá padà.

Bàbá lu ọwọ́ kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ayọ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti já bọ́," wọ́n ní, "kò sẹ́ni tó tọ́jú mi bí ajá yìí."

Màmá ń ká aṣọ ìnura lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè. "Ẹni tó wẹ̀ yín láàárọ̀ yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn ọ̀tọ̀!" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ni ẹ́. Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ pé ó gbé oúnjẹ sẹ́nu?"

 Màmá ká aṣọ náà tán, wọ́n gbé e lé orí ìyókù, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rí pẹlẹbẹ.

Ọjọ́ kẹta ni Màmá kúrò nílé. Wọ́n wẹ Bàbá, wọ́n fún wọn lóúnjẹ, wọ́n mú ọkùnrin olùtọ́jú tí ọmọ wọn gbà kiri yàrá. Wọ́n wá ní, "Mò ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi." Bàbá rò pé ọjọ́ méjì ni. "Tètè máa bọ̀," wọ́n ní, wọn ò sì gbójú kúrò nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n ń kà. Ọkùnrin náà ló sọ ọ́ fún mi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá pè mí. "Ajá rẹ lábùkù," wọ́n ní. Mo sáré lọ. Mo bá Sùúrù tí ara rẹ̀ ń dán. Ó tiẹ̀ gbé sálúbàtà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, àbùkù wo ló ní?"

Wọ́n kọjú sí ògiri. "O kọ́ ọ kó máa gbé gbogbo nǹkan wá. Kọ́ ọ kó lọ mú ìyàwó mi wá."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. "Ṣé ẹ ti pè wọ́n?"

"Kí n pè é kí n sọ kí ni? Ṣé mo lù ú ni? Àbí mo fẹ́ ẹlòmíì lé e lórí?"

"Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, Bàbá. Ìyẹn náà ni."

 Mo tẹ nọ́mbà Màmá, mo gbé fóònù náà sórí tábìlì, mo ṣe é kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta. Màmá gbé e.

"Ìwọ," Bàbá ní, "níbo lo kó ẹ̀wù òtútù mi sí?"

"Dúrọ́ọ̀ kejì, lápá òsì. Ẹ sọ fún Sùúrù, ó mọ ibẹ̀."

Mo mi orí sí Bàbá bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà ẹ̀kọ́.  "O ṣeun," wọ́n ní, ó le bíi tọjọ́ kìíní. Wọ́n mí kanlẹ̀, ohùn náà sì rọ̀: "O ṣeun o. O ṣeun, ọmọ dáadáa..."

Wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Èmi náà gbọ́ ọ. Sùúrù gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ó dìde níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó ń ju ìrù, ó wá gbórí lé Bàbá lórí itan, ó ń retí ẹran.

Màmá ò pariwo. "Ohùn ajá nìyẹn," wọ́n ní.

"Òun nìkan ni mo ní," ni Bàbá fèsì. Ó lè jẹ́ ìyẹn ni òótọ́ tó tóbi jù tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn rí.

"Mo gbọ́," Màmá ní, wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọmọ wọn bínú sí mi gidigidi. "Ajá ni mo ní kẹ́ ẹ mú wá," ó ní, "ẹ wá fi lé ìyá mi jáde nílé."  Bóyá mo jẹ̀bi, torí mo mọ ohun tí ìwé ojú ewé méjì yẹn ń sọ, mo sì kọ́ ajá náà títí iṣẹ́ fi parí.

Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Màmá ò padà. Bàbá ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olùtọ́jú náà lọ́pọ̀ ìgbà, ọkùnrin náà ló sọ fún mi. Lóṣù tó kọjá, mo gbé aṣọ lọ fún Màmá kí wọ́n bá mi tún ọrùn rẹ̀ ṣe. Ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ti ń ránṣọ. Mo bi wọ́n bóyá ara ti balẹ̀.

"Ọ̀sán dùn," wọ́n ní, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu wọn. "Ìdájí ni ò dùn. Aago márùn-ún ni mo ṣì máa ń jí láti yí Bàbá padà. Ọwọ́ mi á ti nà kọjá ibùsùn kí n tó rántí pé ògiri ló wà níbẹ̀."