Ibi tí Ìyá Dàwódù Dé

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Tíṣà Adégbénró fi ń dá Ìbílọlá padà nínú ìdánwò ìrìbọmi. Àdúrà Olúwa, tí ọmọdé ń kà geere, kò yọrí lẹ́nu rẹ̀. Ní Lẹ́ńtì ọdún kìíní, ó ní "Baba," ó sì pa ẹnu dé. Ní ọdún kejì, ó kà á dé ibi tí a ti ń gbà pé ìfẹ́ Ọlọ́run ni kí ó ṣẹ, ó mi orí, ó jókòó. Ní ọdún kẹta, oúnjẹ òòjọ́ ló dá a dúró. Bí Tíṣà bá fi gbólóhùn tó kù sí i lẹ́nu, kò ní gbà á. Àwọn tí wọ́n jọ wọ kíláàsì ti ṣèrìbọmi tán, wọ́n ti ń jẹ́ Jósẹ́fù àti Màríà, àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ ti padà sídìí ọtí. Òun ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

Tíṣà a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú Olúgbénró tí ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Á ní ìgbín kúkú yára jù ú lọ, ọdún wo gan-an ni màmá yìí yóò dé Àmín? Ó gbà pé olódo ni, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni òun, láti ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un, kò sì rántí ọjọ́ kan tí kò mọ àdúrà náà.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú nìkan ló ń jẹ́ tíṣà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì onípáànù tó wà lẹ́yìn rélùwéè Agége, nítorí Pásítọ̀ kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Lójúmọmọ, fọ́máàn ni nílé iṣẹ́ ìlagi kan ní Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni Dàwódù, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìbílọlá bí, ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún, ti kú ní 1952. Pákó há sábẹ́ bẹ́líìtì tó ń yí ayùn ńlá. Òfin ni pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òyìnbó máníjà ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, Adégbénró kò fẹ́ kó bá ayùn ní dídúró, ó ní kí Dàwódù yọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́líìtì gbá a lápá mú, ó sì wọ́ ọ mọ́ra tòun torí. Nígbà tí òyìnbó béèrè, fọ́máàn ní oògbé ló ń kun ọkùnrin náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ó lọ kí ìyá òkú, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó ní kó máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó wá gba ìtùnú. Kò rò pé yóò wá. Ìbílọlá wá.

Gbogbo Agége ló ń pè é ní Ìyá Dàwódù. Tíṣà nìkan kì í pè é bẹ́ẹ̀. "Màmá" lásán ló máa ń pè é.

Nígbà tí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ 1956 wọlé, Ìbílọlá kò lè wá sí ìdánwò. Obì ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń bó o, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fi ewé tútù dì í sínú agbọ̀n fún àwọn tó ń kó o lọ sókè Ọya. Òtútù ti wọ̀ ọ́ láyà, ikọ́ sì ti dá a dùbúlẹ̀. Pásítọ̀ kọ̀wé sí Tíṣà pé ọ̀rọ̀ ìdánwò ti parí, pé onígbàgbọ́ èyíkéyìí lè ṣèrìbọmi fún ẹni tó ń kú lọ, kí ó tètè lọ. Ó ní láti yá, nítorí àwọn Mùsùlùmí ilé ọkọ rẹ̀ ti ní kò sí lára àwọn mọ́, ẹni tí kò ṣèrìbọmi kò sì gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbílọlá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ omi náà tọkàntọkàn.

Tíṣà dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Àrínọlá, ọmọ àbúrò Ìbílọlá tó ń tọ́jú rẹ̀, bu omi sínú abọ́ tánńganran, ó sì jáde síta. Ìbílọlá wà lórí ẹní láàárín àwọn agbọ̀n obì, ó ti rù kan eegun. Ó ní kí Tíṣà kọ́kọ́ bi òun léèrè. Tíṣà ní kò pọn dandan mọ́. Ìbílọlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà náà. Ó kọjá ibi Baba, ó kọjá ibi ìfẹ́, ó kọjá ibi oúnjẹ, ó bẹ Olúwa kí ó dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji òun. Nígbà tó kan kí òun náà dárí ji ẹni tó ṣẹ òun, ó dúró.

"Ó tó, Màmá," ni Tíṣà wí. "Ọlọ́run mọ ọkàn."

"Kì í ṣe pé mo gbàgbé, Tíṣà. Kò sí ọdún tí mo gbàgbé."

Ó wá sọ ọ́ fún un, ikọ́ ń dá a lẹ́nu dúró. Làsísì, tí òun àti Dàwódù jọ wà nídìí ayùn, ti wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un kí wọ́n tó ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ó ti mọ̀ kí Tíṣà tó wá kí i. Ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kí ó lè rí irú Ọlọ́run tí ẹni bẹ́ẹ̀ ń sìn. Ní ọdún kìíní, kò lè sọ pé Baba "wa," nítorí Adégbénró wà nínú "wa" yẹn. Odindi ọdún ló fi gbà pé Baba kan náà ló ni àwọn méjèèjì. Ọdún kan tún lọ kí ó tó lè jẹ́ kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ láìbá A jà. Ọdún kan tún lọ kí ó tó lè tọrọ oúnjẹ fún Adégbénró mọ́ tirẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbà á, èyí tí kò bá sì tíì jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀, kì í kà á.

"Ó ku ẹyọ kan yìí," ni ó wí, "èmi nìkan kò sì lè ṣe é. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe fún ọmọ mi. Ẹnu yín ni mo fẹ́ gbọ́ ọ, kí n lè dárí jì yín, kí ẹ wá da omi sí mi lórí."

Tíṣà gbé abọ́ dání. Ó ro iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkẹjà, ó ro ilé tí kò tíì kọ́ tán ní Onígbòǹgbò, ó ro ojú Pásítọ̀.

"Oògbé ló ń kùn ún, Màmá," ni ó wí.

Ìwà ìkà ni, n kò ní fi bò. Ìbílọlá wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀.

"Kò burú. Ẹ ò tíì dé ibẹ̀ ni. Èmi náà kò tètè dé ibi tí mo wà yìí. Obì tí a bá kánjú dì, kòkòrò ní í jẹ ẹ́. Ẹ gbé omi lọ, Tíṣà, ẹ padà wá."

Tíṣà bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí òun ṣèrìbọmi náà fún un bẹ́ẹ̀. Ìbílọlá kọ̀. Ó ní òun kò ní sọ fún Ọlọ́run pé òun ti ṣe ohun tí òun kò tíì ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀, Adégbénró lọ síbi iṣẹ́, ayùn ń ké, kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Ní ìrọ̀lẹ́ ó dé ojú rélùwéè, ó padà sẹ́yìn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì Rere ó tún jáde, ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu: èmi ni mo ní kó má pa ẹ̀rọ. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ni ó ti ń gbọ́ ẹkún Àrínọlá. Ìbílọlá ti kú ní ìdájí.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí, nídìí ibi tó ti ń fọ obì. Làsísì ló gbẹ́ ilẹ̀. Àrínọlá bẹ Tíṣà kí ó ṣáà gbàdúrà kan sí i, ó ní màmá kò ní ẹlòmíràn tí yóò ṣe é. Adégbénró ṣí ẹnu. "Baba," ni ó wí, ìyókù kò wá. Làsísì fara ti ṣọ́bìrì, ó ń wò ó. Olúgbénró rò pé ìbànújẹ́ ni, ó gba àdúrà náà kà títí dé Àmín.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, Adégbénró gbé ìwé kíláàsì lé Olúgbénró lọ́wọ́, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣeré. Olúgbénró bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kàn án, ó sì bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kí ló dé tó fi jókòó síbẹ̀.

"Ibí ni Ìyá Dàwódù máa ń jókòó sí," ni ó wí.

Ó dìde. Ó ní, "Baba," ó sì tún jókòó. Ibi tó dé lọ́dún náà nìyẹn.